Mínísítà Tí Odò Wá Kí

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, láàárín oúnjẹ ọ̀sán àti tíì, ìjọba ńlá tó ti ń pàṣẹ fún gbogbo ayé láti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún wó lulẹ̀. Kò sí ogun, kò sí ìjì. Ọba àwọn ọba kàn béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjòyè rẹ̀ pé ta ló ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú wọn. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìjọba kan ti di orílẹ̀-èdè mọ́kàndínlógún, mẹ́tàdínlógún nínú wọn sì ti ní orin orílẹ̀-èdè. Àwọn méjì tó kù ṣì ń bá ara wọn jà lórí ta ló jí ohùn orin ta. Àwọn méjì yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn.

Odò kan ló wà láàárín wọn. Àwọn tó wà ní bèbè kan ń pe ilẹ̀ tiwọn ní Ìhín, wọ́n ń pe ti àwọn aládùúgbò wọn ní Ọ̀hún. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí àwọn ará Ọ̀hún ń pe tiwọn, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Kí orí má baà fọ́ wa, ẹ jẹ́ ká dúró sí Ìhín.

Odò yìí kì í gbé ojú kan, nítorí ó fẹ́ràn ìyìn. Ibi tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn ló ń sún lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ológbò tó rí ibi tí wọ́n dáná sí. Kò bìkítà ẹni tí wọ́n ń yìn. Wọn ì báà máa yin ọba, wọn ì báà máa yin ìkòkò tó tètè hó, odò á kàn fẹ́ wà nítòsí ibẹ̀ ni. Kì í wó ilé, kì í gbé ènìyàn lọ. Tó bá kan ilé kan, á gbẹ́sẹ̀ kọjá lára rẹ̀ bí ìyá tó ń yẹra fún ọmọ tó sùn sílẹ̀, á sì lọ nà sí ẹ̀yìnkùlé. Ìdí nìyí tí ìjọba ńlá fi gba òṣìṣẹ́ kan, iṣẹ́ ìjọba pátápátá, pẹ̀lú ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ àti kóòtù òjò, pé kó máa wa ọkọ̀ sí àárín omi láràárọ̀, kó yin odò fún wákàtí kan, kó má baà rí ìdí láti lọ síbòmíràn.

Nígbà tí àwọn aṣojú méjèèjì wá jókòó láti ya ààlà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ibi tí odò bá wà, ibẹ̀ ni ààlà." Ẹni tó bá ní làákàyè á ní kí ló ṣe wọ́n. Ohun tó ṣe wọ́n ni pé aṣojú kọ̀ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín sínú. "Àwọn wọ̀nyẹn?" ló ń sọ fún ọkàn ara rẹ̀. "Apọ́nnilé ni gbogbo wọn. Kó tó di oṣù mẹ́fà, odò á ti wà ní pálọ̀ wọn."

Ọ̀kan nínú wọn tọ̀nà.

Ìhín wá ń wá Mínísítà fún Ọ̀rọ̀ Etí Odò. Ọkùnrin tí wọ́n yàn, òǹtẹ̀ ló ń lù sára àpò ẹrù ní èbúté kí ìjọba ńlá tó wó, ó sì mọ òǹtẹ̀ lù. Kì í wọ́, kì í já, ó máa ń mọ́ kedere ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí, nítorí ó máa pẹ́ díẹ̀ kí n tó tún sọ ohun rere nípa rẹ̀. Kì í ṣe òǹtẹ̀ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ yàn án. Òun nìkan ló wọ kóòtù oníbọ́tìnnì dídán wá sí ìpàdé lọ́jọ́ náà.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ ló ń parí sí "Kí ayé gbọ́!" Tó bá fẹ́ mu omi, á ní, "Ẹ bu omi wá. Kí ayé gbọ́!" Bí ìlú ṣe sọ ọ́ ní Kayégbọ́ nìyẹn. Ó rò pé oyè ni wọ́n fi jẹ, ó fi kún àwọn yòókù: Òpó Tí Kì í Yẹ̀, Baba Òǹtẹ̀, Àtùpà Ojú Ọ̀nà, Olùdásílẹ̀ Tábìlì Gígùn, Ẹni Tí Ìjì Rí Tó Yà. Láàárín oṣù mẹ́ta, oyè rẹ̀ ti di márùndínlógójì.

Ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lórí òkè kékeré kan, igba ìgbésẹ̀ sí odò. Kí àwọn òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ kan bírò láàárọ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún á kọ́kọ́ tò sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, wọ́n á ka gbogbo oyè náà láti orí dé ìdí, wọ́n á sì fi ìyanu kún un. Ìyanu ni kí wọ́n pariwo "Háà!" bí ẹni pé wọn ò gbọ́ ọ rí. Ẹni tí "Háà" tirẹ̀ bá rọ̀, á tún un ṣe lẹ́yìn iṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó gbọ́ pé ẹnì kan wà tó ń yin omi, ó ránṣẹ́ pè é. Obìnrin náà dé pẹ̀lú kóòtù òjò rẹ̀ lọ́rùn. Ìyá Ọlọ́kọ̀ ni gbogbo etí odò ń pè é.

"Ìwọ ni wọ́n ní o máa ń yin odò?"

"Èmi ni, sà. Bàbá mi ló ṣe é kó tó kàn mí. Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi ṣe é."

"Omi!" Kayégbọ́ dìde. "Omi tí à ń fi fọ ẹsẹ̀! Omi fọwọ́ sí ìwé rí? Omi ṣí ìpàdé rí? Odindi èmi, Òpó Tí Kì í Yẹ̀, jókòó síbí, ìyìn ìjọba wá ń dà sínú odò láràárọ̀! Láti òní lọ, gbogbo ìyìn tó bá wà ní orílẹ̀-èdè yìí, ọ́fíìsì yìí ni kí wọ́n máa kó o wá. Kí ayé gbọ́!"

"Sà, tí wọn ò bá yin odò níbi tó wà, ibi tí wọ́n bá ti ń yin ẹlòmíràn ló máa gbà lọ."

Kayégbọ́ yíjú sí akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti sin ọ̀gá mẹ́fà, tí kò sì tíì bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jiyàn. "Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Gba kóòtù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Gba ọkọ̀ náà pẹ̀lú."

Ìyá Ọlọ́kọ̀ lọ sílé. Ilé wọn kò ju ogún ìgbésẹ̀ sí omi, ibẹ̀ ló ń bá bàbá rẹ̀ gbé. Ẹsẹ̀ bàbá ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́ta, ẹnu wọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọbìnrin yìí ló ń gbé wọn yí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì lọ́sàn-án, kí ara wọn má baà bó.

"Wọ́n gba kóòtù lọ́wọ́ ẹ?"

"Wọ́n gbà á, Bàbá."

"Èyí tí mo lẹ̀ lápá?"

"Òun náà ni."

Bàbá ronú díẹ̀. "Òjò á pa wọ́n," ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kó yí àwọn sí ẹ̀gbẹ́ òsì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń ka oyè lọ́wọ́, odò gbé etí sókè. Nígbà tí akọ̀wé fi okùn wọn ilẹ̀ tán, ó gun òkè wá jíṣẹ́.

"Odò sún, sà. Ìgbésẹ̀ méjìlá. Sọ́dọ̀ wa."

"Sọ́dọ̀ mi," ni Kayégbọ́ tún un ṣe. "Ó gbúròó mi. Ó ń bọ̀ wá kí mi ni." Ọjọ́ náà ni oyè rẹ̀ pé mẹ́rìndínlógójì: Ẹni Tí Odò Ń Wá Kí.

Ní Ọ̀hún, Mínísítà tiwọn jẹ́ obìnrin kan tó ti kọ́ni ní ìṣirò fún ọgbọ̀n ọdún, Olùkọ́ ni wọ́n ṣì ń pè é. Ó gbé àga rẹ̀ wá sí etí omi, ó kọ "méjìlá" sínú ìwé, ó sún ọgbà rẹ̀ síwájú, ó sì gbin ẹ̀wà. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ kíláàsì kẹta ní ìṣirò ìdá mọ bí a ṣe ń dákẹ́ dúró de àṣìṣe.

Ẹni tó kọ́kọ́ kàn ni aránbàtà. Ṣọ́ọ̀bù méjì ló ní, ó ń kó bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún sí èyí tó wà létí omi, ó ń kó ti òsì sí èyí tó wà lókè. Odò gba àárín wọn kọjá. Ìdajì Ìhín bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wọ bàtà, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì sì ń tiro lọ síbi tí wọ́n ti ń yin Mínísítà. Àwọn ènìyàn kùn. Kayégbọ́ fi òfin dá wọn lóhùn.

"Ẹnikẹ́ni tí odò bá fi sí òdìkejì, ará Ọ̀hún ni! Kò gbọ́dọ̀ wá síbí, ará ibí ò sì gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, àfi ẹni tó bá ka oyè mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì lórí láìṣì, láìsí ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà, tí Mínísítà fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ìhín. Kí ayé gbọ́!"

Ayé gbọ́. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin lọ dúró sí etí omi.

Ní ọjọ́ kejì òfin yẹn, Ìyá Ọlọ́kọ̀ lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tó máa fi padà dé, odò ti wà níwájú ilé dípò ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró pẹ̀lú búrẹ́dì lábíyá. Ní òdìkejì, ojú bàbá rẹ̀ yọ lójú fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá!"

"Kí ló dé tí ò ń pariwo? Mi ò tíì dití."

"Ẹ ti di ará Ọ̀hún!"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì mi?"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì yín!"

"Mo ṣáà ní afẹ́fẹ́ yìí yàtọ̀. Búrẹ́dì ńkọ́?"

Ó fẹ́ jù ú. Ẹ̀ṣọ́ kan di apá rẹ̀ mú, ó ní búrẹ́dì náà gbọ́dọ̀ ka oyè. Mi ò parọ́ mọ́ ọn.

Olùkọ́ gbé tíì lọ fún bàbá, ó sì gbìyànjú láti yí wọn. Gbogbo Ìhín gbọ́ igbe wọn. "Ìyáàfin, egungun nìyẹn, kì í ṣe ìṣirò! Ẹ fi mí sílẹ̀, ọmọ mi ló mọ ibi tí wọ́n ń dì mú!" Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni bàbá ń sùn lé. Ọmọ ń wò wọ́n láti òdìkejì, ó ń rí i pé ẹ̀fẹ̀ wọn ń kúrú sí i lójoojúmọ́. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù ju ohun gbogbo lọ.

Ó lọ sí ọ́fíìsì. Ó ka oyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì láìmí, pẹ̀lú "Háà" níbi tó yẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ kúkú ni. Omi bọ́ lójú Kayégbọ́.

"Mi ò gbọ́ irú èyí rí! O yege. Kí ayé gbọ́!"

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ wá fọwọ́ sí i fún mi, kí n lọ yí bàbá mi."

"Ọwọ́ wo?" Kayégbọ́ na ọwọ́ ọ̀tún síwájú. Lórí ìrọ̀rí ló wà, ayàwòrán kan sì jókòó tì í. "Wọ́n ń ya ọwọ́ yìí lọ́wọ́. Àwòrán ńlá ni, ogiri kan gbáko. Kò gbọ́dọ̀ mira títí wọ́n á fi parí."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa parí, sà?"

"Oṣù mẹ́ta," ni ayàwòrán wí. "Èékánná nìkan máa gba ọ̀sẹ̀ méjì."

Ìyá Ọlọ́kọ̀ wo ọwọ́ náà. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí odò tó nà gbalaja sí ìsàlẹ̀ òkè. Ó wá wò ó pé wọn ò jẹ́ kí òun kọjá odò. Kò sí ẹni tó ní kí odò má kọjá òun.

"Sà," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dùn bí ìgbà tó wà nínú ọkọ̀. "Ìyìn tí wọ́n ń yìn yín yìí kéré. Àti pé iwájú nìkan ló ti ń wá. Ojú yín nìkan ló ń jẹ ẹ́. Ẹ ò rí i pé ẹ̀yìn yín ń pàdánù?"

Kayégbọ́ fi ọwọ́ òsì kan ẹ̀yìn rẹ̀. "Akọ̀wé! Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò rán mi létí pé mo ní ẹ̀yìn?"

"A ò fẹ́ fi ẹ̀yìn yín dá yín lágara, sà."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣètò ẹ̀, sà," ni Ìyá Ọlọ́kọ̀ wí. "Ká kó àwọn akíni lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ọ́fíìsì. Kẹ́ ẹ jókòó níbí, kẹ́ ẹ kọjú sí odò. Èmi á dúró tì yín, màá máa juwọ́ sí wọn. Odò á wá kí yín níwájú, ìlú á máa kí yín lẹ́yìn."

Akọ̀wé wo obìnrin náà. Ó wo okùn ìwọnlẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo odò. "Èmi á dúró pẹ̀lú àwọn akíni, sà," ló wí. "Lẹ́yìn pátápátá."

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, igba ènìyàn ló tò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀pọ̀ wọn lórí bàtà ẹsẹ̀ òsì. Kayégbọ́ jókòó sí ìsàlẹ̀ ilé lórí àga tó ga, ọwọ́ ọ̀tún lórí ìrọ̀rí. Ìyá Ọlọ́kọ̀ gbé ọwọ́ sókè, ohùn igba ènìyàn sì bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé àwọn ò rí irú rẹ̀ rí: odò dìde ní ìsàlẹ̀, ó gbọn ara, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

"Ẹ wò ó!" Kayégbọ́ ń pariwo. "Ó ń gun òkè wá! Ó ń kúnlẹ̀! Ẹ túbọ̀ kí mi!"

Wọ́n túbọ̀ kí i. Omi dé ẹnu ọ̀nà, ó wọlé, ó kọjá lábẹ́ tábìlì gígùn, ó yẹra fún ẹsẹ̀ àga. Ó bọ́ síta láti ẹ̀yìn, ó sì lọ dùbúlẹ̀ síwájú àwọn akíni. Bàtà Mínísítà rin díẹ̀, ìyẹn nìkan ni.

"Ó ti kí mi tán," ló wí. "Ó níwà. Kí ayé gbọ́!"

"Háà!" ni wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n láti ọ̀nà jíjìn. Ó yíjú padà. Omi ni ó rí, tó fẹ̀ tó ọgbọ̀n ìgbésẹ̀, láàárín òun àti orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ ò dúró wo ojú rẹ̀. Ó ti ń sá lọ sísàlẹ̀ òkè nínú ẹrẹ̀, bàtà lọ́wọ́, búrẹ́dì lábíyá. Ẹ̀ṣọ́ kankan ò lè dá a dúró, kò kúkú kọjá odò.

"O pẹ́," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Mo lọ mú odò kúrò lọ́nà ni."

"Ẹ̀gbẹ́ òsì," ni wọ́n wí. Nígbà tó yí wọn tán, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n tẹ búrẹ́dì náà wò. "Èyí ti le. Ìgbà wo lo rà á, ayé ìjọba ńlá?" Nígbà tó gbọ́ ìyẹn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Lórí òkè, Olùkọ́ ti dé pẹ̀lú àga àti ìwé rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú àbọ̀."

"Ta lò ń kí kú àbọ̀? Ìhín nìbí!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ohun tí àwa náà ń pè é nìyẹn."

Kayégbọ́ sáré lọ sí etí omi. "Akọ̀wé! Gbé ọkọ̀ wá!"

Akọ̀wé gbé ọkọ̀ wá dé àárín omi, ó dúró. Ó tú ìwé kan. "Òfin ni, sà. Ẹ ka oyè."

"Oyè ta?"

"Oyè yín, sà."

Kayégbọ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé àyà síwájú, ó bẹ̀rẹ̀. Òpó, Baba Òǹtẹ̀, Àtùpà, ó ń já geere. Ó dé ìkejìdínlógún. Ó dúró. Ó wo òkè, ó wo bàtà rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti gbọ́ oyè wọ̀nyí láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta, kò sì tíì fi ẹnu ara rẹ̀ pè wọ́n tán lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ẹlòmíràn ló ń ṣe ìyẹn. Ní òdìkejì, igba ènìyàn pa ẹnu mọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ sọ́nà. Òfin ni.

"Ìkọkàndínlógún, sà?"

"Mo... ó wà lẹ́nu mi."

Akọ̀wé wo ìwé, ó kà á jáde: "'Ẹni Tí Kì í Gbàgbé.'" Ó ká ìwé náà. "Ẹ tún wá lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, sà. Tẹ́ ẹ bá tilẹ̀ kà á tán, Mínísítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ní Ìhín. Wọ́n ní Mínísítà rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí akọ̀wé bá ọ̀gá jiyàn. Ó wù ú. Ìhín fi í ṣe adelé Mínísítà lọ́jọ́ kẹta, ó sì kọ́kọ́ ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kí òun ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Òun àti Olùkọ́ jókòó, ọ̀rọ̀ wọn ò pẹ́. Olùkọ́ ní ẹ̀wà ti sú òun gbìn. Wọ́n gbà pé kí odò padà sí ojú rẹ̀ àtijọ́, kí orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ gba Ìyá Ọlọ́kọ̀ síṣẹ́, kóòtù òjò méjì. Bàbá ní àwọn ò fẹ́ tuntun, kí wọ́n dá èyí tí àwọn lẹ̀ lápá padà. Wọ́n dá a padà.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni Ìyá Ọlọ́kọ̀ fi tan odò náà padà. Ọjọ́ tí odò tún gba ọ́fíìsì kọjá lọ sílé, ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ ì bá bá a di ará Ìhín wẹ́rẹ́. Kayégbọ́ ò sí níbẹ̀. Ó ti lọ tò sórí ìlà nínú ìlú Ọ̀hún, níbi tí wọ́n ti ń fún àjèjì ní ìwé, ó sì kọ̀ láti kúrò lórí ìlà, nítorí ó ti di ẹni kejì. Aránbàtà rí gbogbo bàtà rẹ̀ kó jọ. Àwòrán ọwọ́ náà ṣì wà lára ogiri, kò ní èékánná.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni Kayégbọ́ ń wá sí etí omi ka oyè. Èyí tó pọ̀ jù tó tíì kà ni méjìlélógún. Olùkọ́ bi í léèrè iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó ní òun máa ń lu òǹtẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún un ní àpótí kan láti jókòó lé ní èbúté Ọ̀hún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan gbé àpò àlùbọ́sà wá. Kayégbọ́ lu òǹtẹ̀ sí i. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ wo ara àpò.

"Wo bó ṣe mọ́ kedere! Ọmọ mi, o mọ iṣẹ́ ẹ."

Ní àárín omi, Ìyá Ọlọ́kọ̀ gbé àjẹ̀ dúró. Gbogbo ojú yí sí odò.

Odò sún. Ní òdìkejì, adelé Mínísítà tú okùn rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà kan, ó lé díẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó padà.

Kayégbọ́ yanu láti sọ nǹkan kan fún ayé. Ó tún pa ẹnu dé. Ó nu òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ àkísà, ó na ọwọ́ ọ̀tún.

"Àpò tó kàn," ló wí, jẹ́jẹ́.